Ojú Ihò Kẹtàdínlógún

Nínú ilé tí wọ́n ti ń ṣe pépà nígbà kan,
ní àríwá Finland, létí odò tó ti di yìnyín láti oṣù kọkànlá,
Tellervo nìkan ló ń ṣọ́ oríta.

Kì í ṣe oríta tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀.
Oríta onírin ni, pẹlẹbẹ, kò ga ju ìka mẹ́ta lọ.
Ojú ihò mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ló là síwájú,
okùn ìmọ́lẹ̀ kan nínú ihò kọ̀ọ̀kan,
tín-ín-rín bí irun orí ọmọ ọwọ́.
Swíìṣì ni wọ́n ń pè é.
Ọ̀ọ́dúnrún irú rẹ̀ ló wà lábẹ́ ìtọ́jú obìnrin yìí,
ó sì mọ ìwà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan:
èyí a máa gbóná láìnídìí,
èyí, bí wọ́n bá pa á tí wọ́n tún tàn án,
a gbàgbé orúkọ ara rẹ̀.

Aago mẹ́ta òru kọjá díẹ̀.
Òtútù òde ti kọjá ohun tí à ń fẹnu sọ.
Nínú gbọ̀ngàn, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ẹ̀rọ aṣírò
ń wá bí yìnyín orí òkun yóò ṣe rí
nígbà tí ọmọ-ọmọ wa bá dàgbà.
Wọn a ṣírò, wọn a dúró,
oníkálukú a fi iye ọwọ́ rẹ̀ han èkejì
kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀ tó kàn.
Òfin ibẹ̀ nìyẹn: a kì í fi ẹnìkan sílẹ̀ sẹ́yìn.
Òfin rere ni,
àfi bí ẹnìkan bá ń tiro.

Ẹnìkan ń tiro.
Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan ti di ti ìṣẹ́jú mẹ́rin.
Hẹ̀rẹ̀huru ẹnu ẹyọ kan, gbogbo agboolé ò lè sùn.

Ó bi wọ́n léèrè láti orí kọ̀ǹpútà rẹ̀:
ẹrù mélòó lẹ gbà, mélòó ló fọ́ mọ́ yín lọ́wọ́?
Kò sí. Kò sí. Kò sí.
Ọ̀kan ní ìlà kejìlá ló pẹ́ kó tó dáhùn.
Ojú ihò kẹtàdínlógún:
ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ láàárín wákàtí kan.

Jalmari ni ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ lọ bá,
ọmọkùnrin tó pààrọ̀ iyè inú swíìṣì lọ́jọ́bọ̀,
tí kò dúró wò ó kó tó sáré lọ yọ̀ lórí yìnyín.
Ó ti to èébú sẹ́nu, ó tò ó dáadáa,
ó ku kí ilẹ̀ mọ́.

Ó rìn wọ àárín ariwo fáànù,
ó kúnlẹ̀, orúnkún rẹ̀ dún,
ó yọ okùn náà, ó fi awò kékeré wo ẹnu rẹ̀.

Fọ́nrán òwú kan. Pupa.

Ó wo ìbọ̀wọ́ tó wà lápò rẹ̀,
pupa, òun fúnra rẹ̀ ló hun ún nígbà òjò ìkórè.
Ọjọ́ ajé: ilẹ̀kùn ẹrù ṣí sílẹ̀, ìka ń kú lọ,
ó ní òun ò ní bọ́ ọ,
ó kan fẹ́ ti okùn kan ṣoṣo yìí bọlé.

Ó nù ún.
Ó tì í padà, ó dún kẹ́.
Iná ihò náà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró.
Èébú tó wà lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì,
ó korò bí kọfí àná.

Nínú ìwé iṣẹ́ ó kọ ọ́ báyìí:
Ihò kẹtàdínlógún. Òwú. Èmi ni.
Ó fẹ́ fi àlàyé kún un. Ó jù bíírò sílẹ̀.

Ní òdìkejì odò, ilé àwọn arúgbó wà,
omi tó ń gba ooru lára àwọn ẹ̀rọ ló ń mú un lọ́wọ́ọ́rọ́.
Ilpo wà níbẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ láyé ìgbà pépà,
kò mọ ohun tí swíìṣì ń jẹ́.
Láti àárín òru ló ti ń fa aṣọ bora títí dé etí.
Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago márùn-ún lù,
ó yí ẹ̀gbẹ́ padà lójú oorun,
ó na ẹsẹ̀ kan síta.