Ìwé Iye ní Ilé Obì

Aago méje kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, Ṣàgámù,
ilẹ̀kùn páànù ilé obì ti ké.
Ọ̀gá Ṣónúgà ní láti oṣù tó kọjá
àdúrà di dandan kí ọwọ́ tó kan agbọ̀n:
"Ẹ gbàdúrà, kí iṣẹ́ ó lè yá."
A pàtẹ́wọ́. A kígbe. Òrùlé mì.
Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀, èmi akọ̀wé
ni mo ń fi bírò pupa sàmì sí orúkọ rẹ̀.

Àmì mẹ́rìnlá ni ti Efúnbùnmi.
Ọmọ rẹ̀ kan kò lè dá dìde;
á wẹ̀ ẹ́, á gbé e fún ìyá àgbà lọ́nà Mákun,
kó tó sáré wọlé, ìró rẹ̀ ń kán omi.

Á jókòó ti òkìtì gbànja,
á mú ọ̀kan, á yí i, á fi àtàǹpàkò tẹ ìdí rẹ̀
níbi tí kòkòrò ń gbà wọlé bí olè tó mọ ilé.
Èyí tó dára, inú ewé. Èyí tó ní ihò, ẹ̀yìn rẹ̀.
Ètè rẹ̀ ń mì.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá agbọ̀n mọ́kànlá padà láti Kánò,
òkè wọn ń dán, ìsàlẹ̀ wọn di ìyẹ̀fun,
ọ̀gá ní kí n tú ìwé, kí n wá ọwọ́ tó dì wọ́n.
Ọwọ́ àwọn tí Àmín wọn ròkè jù ni.
Ọwọ́ tèmi náà wà níbẹ̀:
èmi ni mo kọ "ó pé" sí agbọ̀n tí n kò ṣí wò.

Mo sún mọ́ Efúnbùnmi lọ́sàn-án ọjọ́ náà,
mo ní, "Kí lo máa ń wí sí obì létí? Ọfọ̀ ni?"
Ó rẹ́rìn-ín. Ìka rẹ̀ pọ́n fún omi obì.
"Mo ń sọ fún un pé ẹnì kan ló máa jẹ ẹ́.
Bóyá ó ń sọmọ lórúkọ.
Bóyá ọdẹ ni, tí oorun ń kùn lóru.
N kò mọ̀ ọ́n. Kò mọ̀ mí.
Àdúrà mi náà nìyẹn. Ṣé kò gùn tó?"

N kò rí èsì fọ̀.
Nínú ìwé mi, àyè wà fún iye, fún ìwọ̀n, fún pípẹ́ dé;
kò sí ilà kankan fún ohun tí àtàǹpàkò mọ̀.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo tanná,
mo tú agbọ̀n tí mo ti fọwọ́ sí láàárọ̀.
Mo ń tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yìn ń ro mí.
Ní ìsàlẹ̀ agbọ̀n kejì, mo kan ihò.
Mo gbé e sẹ́yìn.
Ètè mi ti ń mì kí n tó mọ̀.