Mẹ́rin Lẹ Ní

Ọ̀gá Bíáù ló kọ́ wa ní okùn.
Ó ní kókó tí a kò lè tú lókùnkùn
kì í ṣe kókó, ìjà ni.
Lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́,
a ta á, a tú u, a ta á,
títí àtàǹpàkò wa fi pọ́n bí ata.

Ó kọ́ wa ní òkè pẹ̀lú.
"Ọwọ́ méjì, ẹsẹ̀ méjì: mẹ́rin lẹ ní.
Kí mẹ́ta dúró, kí ọ̀kan rìn.
Bí méjì bá rìn pọ̀, ẹ ti di òkò."
A fi í ṣe yẹ̀yẹ́. A ń sọ ọ́ lórí kẹ̀kẹ́,
Dòmíníkì tilẹ̀ ń sọ ọ́ nígbà tó ń bu gàrí.

Sátidé kan tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú,
àwa mọ́kànlá àti ọ̀gá jáde ní Ṣábẹ,
a sọdá ojú irin tí koríko ti ń jẹ,
a gba ẹ̀bá oko iṣu àwọn tó ṣì ń sùn.
Èmi ni mo ru ìkòkò. Èmi ni mo kéré jù
yàtọ̀ sí Kúbúrà,
ẹni tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun ru nǹkan.

Àwọn òkè ń wò wá bọ̀
bí àgbà tó jókòó, tó ká orúnkún,
tí kò tíì pinnu bóyá yóò jẹ́ wa lóhùn.

Àpáta tutù bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́.
Ọ̀gá wà lẹ́yìn, ó ní òun ni ògiri wa,
bí ẹnikẹ́ni bá yọ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ bá.
Ìdajì ọ̀nà, a kò gbọ́ fèrè rẹ̀ mọ́.
A bojú wẹ̀yìn.
Ó di àpáta mú bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń rìnrìn àjò,
ojú rẹ̀ dì pa,
orúnkún rẹ̀ ń lu òkúta, kò-kò-kò.
Òun tó ti gun òkè náà nígbà méjìlá!
(Bó ṣe wí. Ta ló bá a kà á?)

Dòmíníkì tó ń rẹ́rìn-ín nínú ṣọ́ọ̀ṣì kò rẹ́rìn-ín.
Mo gbé ìkòkò kalẹ̀, ó fẹ́ yí lọ,
mo fi ẹsẹ̀ dá a dúró.

Kúbúrà ló sọ̀kalẹ̀.
Ó kọjú sí àpáta, ó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ wá ilẹ̀,
títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.
Kò ní kó má bẹ̀rù.
"Ọ̀gá, mélòó lẹ ní?"
Ó pẹ́.
"Mẹ́rin."
"Mélòó ló dúró?"
"Mẹ́rin."
"Ó ti pọ̀ jù. Ẹ yá mi ní ọ̀kan."

Ó di ọrùn ẹsẹ̀ òsì ọ̀gá mú,
ó gbé e sínú ihò kékeré tí òjò ayébáyé gbẹ́.
Lẹ́yìn náà, ọ̀tún. Lẹ́yìn náà, ọwọ́.
Báyìí ni ọmọ ọdún mọ́kànlá
ṣe mú onírùngbọ̀n dé orí òkè.

Láti ibẹ̀ a rí páànù ilé wa tó pọ́n,
a rí ìlà igi tí odò Ọ̀pàrà fara pamọ́ sí,
àti lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀ àwọn ẹbí wa
tí wọ́n ń ná owó mìíràn.
Iṣu jóná nísàlẹ̀ ìkòkò. A jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.
Ọ̀gá bu èyí tó funfun jù fún Kúbúrà,
kò wò ó lójú.

Lálẹ́, mo yọjú sí ìwé tó ń kọ:
"Ọyẹ́ mú díẹ̀. Àwa méjìlá gòkè.
Àwa méjìlá sọ̀kalẹ̀. Okùn dára."
A kò tú okùn kankan lọ́jọ́ náà.

Sátidé kejì, àwọn ọmọ tuntun dé.
"Mẹ́rin lẹ ní," ni ọ̀gá wí lábẹ́ máńgòrò,
ó sì dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́.
"Bó bá pọ̀ jù fún yín,
ẹ yá ẹnìkan ní ọ̀kan."
Kúbúrà kò gbọ́.
Ó jókòó sórí gbòǹgbò, ó tẹ̀ ba,
ó ń bá kókó kan jà.