Ibi Tí Àpótí Kékeré Yóò Jókòó

Ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, ọ̀la-kù-ọ̀la ìkórè,
ní ṣọ́ọ̀ṣì wa l'Ókè-Ẹ̀ṣọ̀, n'Íléṣà.
Jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́ lẹ́yìn ògiri.
Jọlàádé yọjú láti ìdí míkísà:
"Oníbéèsì, ṣé o fẹ́ pa mí létí ni?
Okùn tín-ín-rín ń fò bí ewúrẹ́ tó já,
okùn ńlá rì sódò, mi ò rí i mọ́.
Èwo ni kí n sáré tẹ̀lé?"

Òótọ́ ló sọ.
Bí inú mi bá dùn, mo máa ń ja okùn bí ẹni ń hú ẹ̀gẹ́;
bí oorun bá ń kùn mí,
mo kàn ń fọwọ́ pa á lára ni.

Mo ti ra kọ́ńpírẹ́sọ̀ kan rí,
aláwọ̀ ewé, lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan ní Ìsọ̀kùn.
Bọ́tìnì kan ṣoṣo ló ní.
Ó ń jẹ ìdí ohùn bí ikán,
okùn tó nípọn di okùn ìsáṣọ.
Mo tà á ní ìdajì owó
(Ìjẹ̀ṣà wo ló ń ṣòwò báyẹn? Ẹ má sọ fún bàbá mi).

Èkejì, bọ́tìnì mẹ́rin.
Mo gbé e lọ fún Bàbá Ògúnmodẹdé,
tó fi ogún ọdún ta béèsì ní hòtẹ́ẹ̀lì ọ̀nà Àkúrẹ́
kí etí ọ̀tún rẹ̀ tó di.
Ó gbé e sórí itan, ó wo ojú rẹ̀ títí.
"Ọmọ òṣómàáló ni ọ́, o wá ń bẹ̀rù gbèsè?
Bọ́tìnì yìí ni ààlà.
Ohùn tí kò bá dé ibẹ̀, kò jẹ ọ́ lówó, fi í sílẹ̀.
Èyí tó bá kọjá, lóṣòó tì í.
Nínú náírà mẹ́rin tó fi kọjá,
jẹ́ kó mú ẹyọ kan lọ.
Ṣùgbọ́n má tètè dì í mú o!
Jẹ́ kí ìka kọ́kọ́ kanlẹ̀, kí 'gbì' ti ẹnu okùn jáde.
Kí o sì mọ ìgbà tí o ó tú u sílẹ̀:
bí o bá di ajigbèsè àná mú títí di òní,
ti òní á dé, á bá ọ lọ́wọ́ dídí."

Ó ku ibi tí yóò jókòó.
Ìyẹn, Bàbá ò sọ. Ó ní etí mi ni kí n bi.

Lálẹ́, èmi nìkan, mo tò wọ́n sórí pákó.
Mo kọ́kọ́ fi í sígbẹ̀yìn,
lẹ́yìn pẹ́dàlì tí ń mú ohùn kẹ̀,
bí àgbà tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà.
Mo gbá okùn kan, mo dákẹ́.
Bí ohùn ṣe ń kú lọ, ariwo ń jí bọ̀:
ṣíìì pẹ́dàlì,
kíkùn jẹnẹrétọ̀,
gbogbo èèyàn kéékèèké tó sá pamọ́ sábẹ́ aṣọ rẹ̀.
Àṣé ẹni tó ń tẹ ọlọ́lá lórí ba
náà ló ń gbé òfófó ga!

Mo tú wáyà, mo tún un tò:
túnà, kọ́ńpírẹ́sọ̀, pẹ́dàlì, lẹ́yìn náà anpilifáyà.
Ṣíìì rẹlẹ̀. Kì í ṣe pé ó tán.
Mi ò sọ pé ibẹ̀ ló tọ́ fún gbogbo ayé,
ibẹ̀ ló gba ìka tèmi, àti iná ìlú yìí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, kò sẹ́ni tó yìn mí.
Jọlàádé ò yọjú rárá,
ó ń jẹ ẹ̀pà nídìí míkísà.
Bàbá Ògúnmodẹdé jókòó ti sipíkà,
ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún,
ó gbé àtẹ́lẹsẹ̀ lé sìmẹ́ńtì, ó fi ń gbọ́.
Nígbà tí a túká, ó fà mí lápá:
"Gbogbo okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo gbọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan.
Àpótí yẹn ńkọ́?
Ṣé o tiẹ̀ rántí tàn án?"