Aṣọ Yín Ti Yá

Fóònù mi ní òun fẹ́ bọ́ awọ.
Oyèdòkun, ọmọ iṣẹ́ mi, ló kà á fún mi:
"Ìyá, ó ní kẹ́ ẹ gbé òun sórí iná,
kẹ́ ẹ má fọwọ́ kan òun títí òun ó fi ṣe tán."
Mo ní, iná wo? Ní Àràdà níbí?
Èyí tó ń lọ kí áyọ́ọ̀nù tó gbóná?

Dátà tó jẹ tó owó síípù oṣù kan.
A gbé e lọ sọ́dọ̀ Adéògún onígbàjámọ̀,
ó gba igba náírà lọ́wọ́ wa nítorí jẹnẹrétọ̀.
Ìlà funfun kan ń rá pálá lójú fóònù,
ó dé ọgọ́rin, ó jókòó.
Mo rò pé ó ti kú.

Ilẹ̀ mọ́, ó jí.
Lẹ́tà ti tóbi, Ọlọ́run ṣeun,
mi ò wá awò mọ́ kí n tó mọ ẹni tó ń pè.
Àmọ́ ó ti kó ẹrù ilé kiri:
aago ti lọ sápá òsì,
tọ́ọ̀ṣì wà níbi tí kámẹ́rà ń gbé tẹ́lẹ̀,
mo ń fọwọ́ wá ọ̀nà nínú fóònù ara mi
bí àlejò tó ń wá ilé ìtọ̀ lóru.

Ó ti wá ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fún mi.
Nọ́ńbà tí kò bá mọ̀, á dá a dúró:
"Ta ni ẹ? Kí lẹ bá wá?"
Àwọn tó máa ń pè pé báǹkì làwọn,
kí n ka ẹ̀yìn káàdì fáwọn, wọ́n ti sá.
Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi ra láìnì tuntun ní Ìkòyí-Ilé,
ó pè, ẹ̀rọ bi í léèrè orúkọ.
Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀.
"Èmi Àlàmú, tí mo gbé ọ kọjá odò,
èmi lọmọbìnrin inú fóònù ń bi pé ta ni?"

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ kéré:
bọ́tìnnì lẹ́tà ti gbọ́ Yorùbá.
Bí mo bá tẹ o pẹ́ díẹ̀,
ọ, ó, ò á yọrí bí ọmọ ẹyẹ nínú ìtẹ́.
Ẹni tí kì í ránṣọ ò lè mọ ìjà tí àmì ohùn ń dá sílẹ̀.
Lọ́dún tó kọjá mo kọ̀wé sí ìyàwó Pásítọ̀ Oyèékàn:
"Aso yin ti ya."
Ó dé kí n tó gbé fóònù sílẹ̀,
bàtà ẹsẹ̀ kan, omijé lójú:
"Léèsì mi! Níbo ló ti ya?"
Mo ní ó ti yá ni, mà, ó ti yá, kò ya,
òun ló wà lára hángà yẹn, ẹ wò ó.

Láoyè náà fi mí ṣẹ̀fẹ̀ títí.
Mo bá ti kọ "oko mi", á dá a padà:
"Oko wo? Ti kájú, àbí ti máńgòrò?"

Láàárọ̀ Sátidé, láìjẹ́ pé ẹnì kan bi í,
fóònù gbé àwòrán kan jáde:
Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn lónìí.
Ó fi orin dùùrù kan sí i, tí wọn ò kọ rí nílé wa.
Láoyè dúró lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, téèpù mi lọ́rùn rẹ̀,
ó ń díbọ́n pé télọ̀ lòun.
Ta ló rán an? Kò sí lára ohun tí Oyèdòkun kà fún mi.

Mo ṣí ibi tí èmi àti ẹ̀ ti máa ń sọ̀rọ̀.
Mo tẹ o, mo dúró, mo mú èyí tó ní àmì nísàlẹ̀,
mo tún mú un lẹ́ẹ̀kejì.
Ọkọ mi.
Mo wò ó dáadáa. Kò sí kájú níbẹ̀, kò sí máńgòrò.
Mo fi ránṣẹ́.
Àmì kan ṣoṣo ló yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, aláwọ̀ eérú.

Oyèdòkun ní ó tún ku nǹkan kékeré kan tí fóònù fẹ́ ṣe,
ṣé nísinsìnyí ni, àbí lálẹ́?
Mo ní kó fi sílẹ̀ ná,
kó bá mi wá abẹ́rẹ́ nọ́ńbà mẹ́rìnlá.
Apá aṣọ kan ṣì wà nílẹ̀, ọ̀sán sì ti ń lọ.