Koto Kejì

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Köbi kú, lórí koríko gbígbẹ,
ó kọjú sí ògiri bí ẹni ń gbọ́ ọ̀rọ̀ aládùúgbò.
Sepp jókòó tì í títí ilẹ̀ fi mọ́.
N kò tètè gbé òkú náà. Mo ní kó wò ó tán.

Ẹlẹ́dẹ̀ kékeré inú òkun là ń pè wọ́n níhìn-ín,
bẹ́ẹ̀ wọn ò rí òkun rí;
Altdorf ni wọ́n bí wọn sí, òkè ló yí wa ká,
yìnyín ló ń yọjú wò wá lójú fèrèsé.
Àwọn mìíràn ní ẹmọ́ òyìnbó ni wọ́n.
Sepp kì í jẹ́ ọ̀kankan.
Ìró ọ̀bẹ lára kárọ́ọ̀tì nìkan ló ń dá lóhùn.

Òfin ilẹ̀ wa kò gbà kí ẹ̀dá bí i Sepp dá gbé.
Kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀ fún opó òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì.
Mo sọ ọ́ fún Nando, ọmọ ìsàlẹ̀ ilé. Ó rẹ́rìn-ín.

Ni mo bá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Flüelen,
mo gba ọmọkùnrin kan, ọmọ ọ̀sẹ̀ méje péré,
dúdú bí ìdí ìkòkò, irun rẹ̀ rí bí ẹni tí ìjì jí.
Nuss lorúkọ rẹ̀. Inú páálí bàtà ni mo gbé e sí,
ìtọ̀ rẹ̀ la páálí já dé itan mi ká tó sọ̀kalẹ̀.

Akọ àti akọ. Àwọn àgbà ti wí i:
àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan.
Mo gbà. Mo gbé koto méjì kalẹ̀,
ilé méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹnu ọ̀nà méjì,
kí ẹnikẹ́ni má bàa há ẹnì kejì mọ́ igun.
Mo fi ọtí kíkan nu àgò títí òórùn Köbi fi lọ
(èyí ló dùn mí jù).
Ilẹ̀ balùwẹ̀ ni mo sọ wọ́n sí,
ilẹ̀ tí kì í ṣe ti baba ẹnikẹ́ni.
Nando di tówẹ̀lì mú.
Mo wọ ìbọ̀wọ́ tí mo fi ń yọ búrẹ́dì nínú ààrò.

Sepp rí i. Ó dúró.
Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, láti inú egungun ẹ̀yìn,
ó ń mi ìdí bí ìjòyè tó bá àlejò lórí àga rẹ̀.
"Ṣé ijó ló ń jó ni?" Nando bèèrè.
Mo ní, "Ó ń ka ọjọ́ orí rẹ̀ fún un ni."
Eyín ń lu eyín, kẹ̀kẹ̀kẹ̀.
Orí ga, orí tún ga sí i,
ọmọ náà gbé tirẹ̀ sókè pẹ̀lú. Ọmọ àná!
Sepp gùn ún lẹ́yìn, ó tún ṣì í gùn níwájú.
Nando yíjú sí ògiri.
Irun fò. Ọwọ́ mi ti dé àárín.
Kò sí ẹ̀jẹ̀. Mo fà á padà.
Ẹni tó bá yá jù láti làjà
ló ń sọ ọ̀rọ̀ dìjà.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi wa ọkọ̀ orí okùn
lọ sí abúlé àwọn darandaran.
Ọkọ̀ méjì, okùn kan: bí ọ̀kan ṣe ń gòkè ni èkejì ń sọ̀.
Wọ́n á pàdé níbi tí ọ̀gbun ti jìn jù,
wàá rí ojú ẹni tó wà nínú èkejì, ká ka ení, èjì, ẹ̀ta,
ó tán.
Anton ló wà nínú èkejì.
Bí a ṣe fẹ́ra nìyẹn.

Agogo mẹ́rin lù. Ẹsẹ̀ Nando ti kú.
Ọmọ náà ti tẹríba, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín.
Sepp fi imú tì í lábẹ́ àgbọ̀n,
ó nu etí rẹ̀ kan bí ẹni ń yẹ owó wò,
ó padà sídìí koríko rẹ̀.
Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà:
ọmọ náà sún mọ́ ọn, ìka kan, ìka méjì,
ó fẹnu mú ìdí koríko tí orí rẹ̀ wà lẹ́nu Sepp,
wọ́n jẹ ẹ́ títí imú fi kan imú.

N kò ní ìfẹ́ ni. Wọ́n lè jà lọ́la;
tí ohùn ọmọ yìí bá dé, a ó tún wò ó.
Ṣùgbọ́n koto kejì kún fọ́fọ́ dàárọ̀.
Mo fi omi inú rẹ̀ rin òdòdó ojú fèrèsé.