Agolo Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn

Òjò ilẹ̀ Wéèlsì kì í rọ̀ kó dá. Ó máa ń jókòó ni,
bí àlejò tó ti jẹun tán tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú.
Lọ́dún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án
ó jókòó láti oṣù Ẹ̀bìbì títí Òkúdù fi tán.

Cae Bach lorúkọ oko wa. Pápá kékeré ló túmọ̀ sí,
kékeré náà sì ni: éékà mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè,
ilé onírọ́bà kan tí ìjì ti fà ya lẹ́ẹ̀mejì,
tí ìyá mi fi okùn ìdíkoríko rán.
Ìgbẹ́ màlúù àti ewé jíjẹrà là ń fún ilẹ̀ jẹ.
Gethin, bàbá mi, á bu erùpẹ̀ sátẹ́lẹwọ́, á gbóòórùn rẹ̀
bí ẹni ń yẹ ọbẹ̀ wò bóyá iyọ̀ rẹ̀ tó.
Kòkòrò? Ọwọ́ la fi ń ṣà á.
Èpò? Orúnkún wa mọ̀ ọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lọ́dún náà ni ìgbín aláìníkarahun dé.
Ìgbín tí kò nílé tó ń rù kiri, kí ni yóò dá a dúró?
Wọ́n ń ti abẹ́ òkúta yọ lóru;
ilẹ̀ mọ́, irinwó lẹ́túùsì ti di kùkùté.
Irinwó. Èmi ni mo kà á, Mabli ò tíì mọ̀ ju ọgọ́rùn-ún lọ.
A gbé tọ́ọ̀ṣì, a ń ṣà wọ́n sínú korobá,
Mam-gu Eirwen náà, nínú bàtà òjò ọkọ rẹ̀ tó ti kú.
Àwọn pẹ́pẹ́yẹ jẹ, wọ́n yó, wọ́n kọ̀.
Ogójì àpótí là ń kó wọ ìlú lọ́jọ́ Ẹtì;
lọ́sẹ̀ náà, mọ́kànlá péré.
Ìyá mi kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, kò sọ̀rọ̀.

Lóru, òùngbẹ jí mi. Iná wà nínú ahéré irinṣẹ́.
Bàbá mi jókòó sórí korobá tó dojú dé,
agolo búlúù lórí itan rẹ̀, èyí tí bàbá tirẹ̀ fi sílẹ̀,
àwòrán agbárí lára rẹ̀, ìdérí rẹ̀ ti dógùn-ún.
Ìkúnwọ́ kan péré, ìgbín á tán.
Ta ni yóò mọ̀? Òjò kì í ṣòfófó.

Mam-gu gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá nínú òkùnkùn.
Kò bá a wí. Kò gba agolo.
Ó ní, "Bàbá rẹ máa ń fi omi gbígbóná fọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta
kó tó gbé ọ. O rántí?"
Bàbá mi ní òun rántí.
"Àwọn ọjọ́ mìíràn, omi wa kì í gbóná."

Ìgbín ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Nígbà tílẹ̀ mọ́,
kábéèjì ló kàn.

Agolo náà ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn;
a ò rí ibi tí a lè da irú rẹ̀ nù sí.
Èmi ni mo ń ro oko náà báyìí.
Bí Tegid ọmọ mi bá sáré pàdé mi lẹ́bàá ebè,
mi ò fọwọ́, mo máa ń gbé e bẹ́ẹ̀ ni,
ìka erùpẹ̀ mẹ́wàá lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.
Ìyá ọkọ mi tó ń fọ̀ ọ́ a máa kùn.