Ẹ Má Rò Ó O

Láti àárọ̀ Ajé títí dé ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta
ẹnu àgbàdá gaàrí ni màámi ń jókòó sí,
ní ẹbu tó wà lẹ́yìn Òjòwò, n'Ìjẹ̀bú-Igbó.
Èéfín á ti wọlé kí bàtà rẹ̀ tó dé ẹnu ọ̀nà.
Òórùn pákí kíkan wà lára ìró rẹ̀,
ó wà lára ìrọ̀rí,
ó wà lára owó iléèwé wa pàápàá.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí a ní kí àwa náà dáná fún un,
tí Múyìwá ní ká rẹ gaàrí, ká da ẹ̀pà sí i, ó tán,
mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí,
ṣé a máa ń bu omi lódò ká tún fi ta odò lọ́rẹ ni?"
Ṣẹ́gilọlá ní ká se ẹyin.
Ẹyin kan ló kù nílé.
Ẹyin kan, ẹni mẹ́rin. A rọra gbé e padà.

Ó wá ku ewùrà tó ń sùn lábẹ́ àpótí,
tí orí rẹ̀ ti ń hù bí irùngbọ̀n ọ̀dọ́kùnrin.
"Ìkọ́kọrẹ́," ni mo wí, bí ẹni tó ti sè é rí.

Mi ò sè é rí.
Ẹ̀yìn màámi ni mo ti máa ń wò ó,
èjìká rẹ̀ ni mo mọ̀ jù:
bó ṣe ń lọ, bó ṣe ń dúró.

Ìyá Sànyà, ará ilé kejì, yọ orí lójú fèrèsé:
"Ṣé ẹ ti bó o? Ẹ yáa fọwọ́. Ẹ ó họra lónìí!"
A fọwọ́. A họra.
Múyìwá rin ewùrà, ó rin ìka tirẹ̀ mọ́ ọn,
ẹ̀jẹ̀ bíńtín, kò tó ohun à ń torí ẹ̀ pariwo.
Ó pariwo.

Mo gbé omi ata kaná: epo díẹ̀, ede,
ẹja gbígbẹ tí mo yọ eegun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan
nítorí Ṣẹ́gilọlá, tí eegun máa ń há lọ́fun.
Ó hó yaa. Mo fọwọ́ bu ewùrà sí i ní kókó, ní kókó,
ni ohùn bá tún já wọlé láti ojú fèrèsé:
"Ẹ má rò ó o! Ẹ fi í sílẹ̀!
Ẹni tó bá rò ó báyìí, ògì ló ń sè!"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dúró ti ìkòkò rí,
ẹ bá mi sọ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣe gùn tó
nígbà tí orógùn bá wà lọ́wọ́ ẹni.
Ó ń dún pọ̀kọ̀-pọ̀kọ̀ lábẹ́ ọmọrí.
Múyìwá ní, "Ó ń jó."
Mo ní, "Kò jó."
Ó ń jó.

Mo ṣí i, mo rò ó lẹ́ẹ̀mẹta péré.
Kókó rẹ̀ dúró, ó pọ́n, ó ń dán,
bíi tàwọn tó mọ̀ ọ́n sè.
Iyọ̀ nìkan ni ẹnikẹ́ni kò rántí.

Màámi dé, ó nasẹ̀, kò tiẹ̀ tú gèlè.
Ṣẹ́gilọlá kúnlẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì gbé abọ́ fún un
bí ẹni ń gbé oúnjẹ fún àlejò tó ti ọ̀nà jíjìn wá.
Ó bu ṣíbí kan. Ó dákẹ́.
Ó tún bù ú.
Ó wo ìka Múyìwá tí a fi àkísà dì.
"Ta ló yọ eegun ẹja?" ló bi wá.
Kò bèèrè iyọ̀.

Ó jẹ ẹ́ tán, ó ní ká gbé ìkòkò wá,
ó ha èyí tó jó mọ́ ìdí rẹ̀, ó pín in fún wa:
"Ẹni tó bá sè é ló ni ibí."
Ìgbà tí a fi kan ẹnu la tó mọ̀.
A wo ara wa. Màámi wo òrùlé.
Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti èjìká rẹ̀,
ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n jù,
títí Ìyá Sànyà fi tún yọ orí lójú fèrèsé:
"Kí lẹ fi sí i, tó dùn tó báyìí?"
"Ohun tí a ò fi sí i ni, mà," ni Múyìwá dá a lóhùn.